Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún alignment

Ẹ jẹ́ ká ti ibi táyà bẹ̀rẹ̀, torí táyà kì í purọ́. Ẹ yí sítíárìn sápá kan kí ojú táyà iwájú lè yọ síta dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti ìta lọ sínú, kẹ́ ẹ tún fà á padà láti inú bọ̀ síta. Tó bá ń dán lọ́wọ́ lọ́nà kan tó wá ń ha yín lọ́wọ́ lọ́nà kejì bíi eyín ayùn, á jẹ́ pé táyà yẹn ò yí lọ tààrà, ṣe ló ń fẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀ bó ṣe ń yí. Ẹ ò tíì gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni o, ẹ ò tíì ná kọ́bọ̀, ẹ sì ti mọ̀ pé toe, ìyẹn ibi tí imú táyà kọjú sí, ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí.

Mò ń sọ èyí torí bí wọ́n ṣe ń pe alignment, ìyẹn títo táyà kó lè kọjú síbi tó yẹ, sí gbogbo àìsàn ọkọ̀ ládùúgbò wa ti sú mi. Ọkọ̀ ń fà sọ́tùn-ún, alignment ni. Sítíárìn ń gbọ̀n, alignment ni. Táyà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lọ ṣe alignment. Èèyàn á gbé ọkọ̀ lọ, á sanwó, ọkọ̀ á dáa fúngbà díẹ̀, kò ní pẹ́ tó máa tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ní ọ̀nà Ìbàdàn ni ò dáa. Òótọ́ ni, ọ̀nà ò dáa, ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ nígboro yìí lásìkò òjò tí omi bo kòtò mọ́lẹ̀ ò lè bá yín jiyàn. Àmọ́ ohun tí mo rí tó wọ́pọ̀ ju kòtò lọ ni pé nǹkan kan ti ń mì lábẹ́ ọkọ̀ yẹn kí wọ́n tó ṣe alignment ọ̀hún, ẹni tó ṣe é ò wò ó, tàbí kó wò ó kó sì dákẹ́, torí owó alignment ló ń wá lọ́jọ́ yẹn. Kí lẹ wá fẹ́ kó ṣe? Wọ́n ní kí táyà dúró síbì kan, tie rod, ọ̀pá tó wá láti sítíárìn tó yẹ kó dì í mú síbẹ̀, ti yọ̀, ẹ bá máa sanwó títí ni.

Kí la tiẹ̀ ń wọ̀n gan-an? Nǹkan mẹ́ta ni. Toe ni bóyá imú táyà iwájú méjèèjì kọjú síwájú tààrà, àbí wọ́n sún mọ́ra wọn díẹ̀, ìyẹn toe-in, àbí wọ́n ń sá fúnra wọn, ìyẹn toe-out. Camber ni bí táyà ṣe fì tẹ́ ẹ bá dúró síwájú ọkọ̀ tẹ́ ẹ wò ó, bóyá orí ẹ̀ fì sínú ni o tàbí síta. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kẹ́ ẹ máa wo àwọn Micra takisí wa bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú èrò nínú, ẹ máa rí èyí tí táyà ẹ̀ ti yakata, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Caster ni bí ibi tí táyà ti ń yí sọ́tùn-ún sósì ṣe fì sẹ́yìn, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn dá padà sáàárín fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà tán tẹ́ ẹ sì dẹwọ́ sí i.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí táyà iwájú ń wọ́, bíi Corolla tí mò ń wà, toe nìkan ni wọ́n dìídì ṣe ibi tí èèyàn á ti máa yí i. Camber, bóyá kí wọ́n fi bóòtì tí àárín ẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀ pààrọ̀ bóòtì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ibi tí táyà jókòó lé, kó lè ráyè sún díẹ̀, ó parí. Caster ò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i rárá, tó bá ti yàtọ̀ sí bó ṣe yẹ, á jẹ́ pé nǹkan kan ti tẹ̀ tàbí búṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so pọ̀, ti jẹ tán. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òun ti sẹ́ẹ̀tì camber àti caster láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi lọ ra súyà, ẹ fọ̀wọ̀ bi í pé, "Ọ̀gá, bóòtì wo lẹ yí?"

Àwọn kan máa ní toe tó yà ní mílímítà mélòó kan, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táyà 195/65R15 tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi, láti ilẹ̀ dókè ẹ̀ jẹ́ bíi 635 mm. Ká ní táyà kan yà tó fi jẹ́ pé imú ẹ̀ fi 3 mm yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀. Ẹ fi 635 pín 3, kẹ́ ẹ fi sọ ìrìn kìlómítà kan di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 5. Ìyẹn ni pé nínú kìlómítà kan ṣoṣo táyà yẹn fi bíi mítà 5 ha ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó yí lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá wà á láti Ìbàdàn dé Èkó, ká pè é ní 120 km, ó ti lé ní ìdajì kìlómítà tẹ́ ẹ fi táyà yín ha ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí iye tí wọ́n ń ta táyà tuntun lónìí. Wọ́n á wá ní táyà ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ó lè jẹ́ o, àmọ́ táyà tó dáa jù náà ò lè fara da ìyẹn.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé toe nìkan kì í sábà mú kí ọkọ̀ máa fà sápá kan. Táyà iwájú méjèèjì á pín in láàárín ara wọn, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, sítíárìn ló máa wọ́, táyà á sì máa jẹ. Ọkọ̀ tó ń fà gan-an, ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà, kẹ́ ẹ lo gééjì tiyín, torí gééjì àwọn fọkanáísà míì ti ṣubú nílẹ̀ débi pé ohun tó bá wù ú ló ń sọ, iye tó yẹ kó wà nínú táyà sì wà lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Tí afẹ́fẹ́ bá pé, ẹ gbé táyà iwájú ọ̀tún sósì, kẹ́ ẹ gbé tòsì sọ́tùn-ún, àyàfi tó bá jẹ́ irú táyà tí wọ́n yàwòrán ọfà sí lára pé apá kan ṣoṣo ni kó máa yí sí. Tí ọkọ̀ bá wá yí padà tó ń fà sápá kejì, táyà ló lẹ́jọ́, kì í ṣe alignment, táyà tọ́kùnbọ̀ sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Tí kò bá yí padà, ẹ wà á jáde díẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá súnmọ́ ríìmù iwájú méjèèjì, ẹ ṣọ́ra kó má jó yín lọ́wọ́, tí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ fíìfíì, bíréèkì ẹ̀ ló há. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá dáa tán lẹ lè wá máa sọ̀rọ̀ camber àti caster. Ọkọ̀ máa ń fà sápá tí orí táyà ẹ̀ fì síta ju èkejì lọ, tàbí apá tí caster ẹ̀ kéré jù.

Títì náà ń fà o. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àárín títì ga kí omi lè ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún la sì ń gbà láti April 2, 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì, torí náà ọkọ̀ tó dáa pérépéré á ṣì rọra máa yà sọ́tùn-ún díẹ̀ tẹ́ ẹ bá dẹwọ́. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London, tiwọn á máa yà sósì. Mo mọ ẹni tó gbé ọkọ̀ lọ ṣe alignment léraléra torí ìyẹn nìkan, kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà.

Ó yá, abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kẹ́ ẹ fi sítáǹdì sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé jáàkì nìkan, jáàkì máa ń yọ̀. Ẹ fọwọ́ kan di táyà mú lápá ọ̀tún ẹ̀, kẹ́ ẹ fi èkejì dì í mú lápá òsì, bí ibi tí aago mẹ́ta àti mẹ́sàn-án wà, kẹ́ ẹ máa mì í síwájú sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kó-kó, tàbí tẹ́ ẹ rí i pé ó ń mì kí sítíárìn tó mọ̀, tie rod ni, tàbí rack end, ìyẹn ìsopọ̀ tie rod mọ́ rack (irin tí sítíárìn ń tì sọ́tùn-ún sósì), tó wà nínú rọ́bà dúdú kan. Ẹ tún dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, bí aago méjìlá àti mẹ́fà. Tó bá mì níbẹ̀, ball joint ni, ìyẹn ìsopọ̀ olórí bọ́ọ̀lù tó di ìdí táyà mú, tàbí bẹ́ríìnì táyà, èyí tó bá jẹ́ bẹ́ríìnì máa ń sábà kùn tẹ́ ẹ bá ń sáré. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù fún tie rod ni pé kí táyà wà nílẹ̀, kí ẹnì kan wọlé kó máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbí lọ sọ́hùn-ún, èmi á fi ìka sórí ojú ìsopọ̀ ẹ̀, ibi tó bá yọ̀ á tàdí mẹ́yìn lábẹ́ ìka mi kí táyà tó yí. Ojú lè má rí i, ìka ò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ wo búṣìn lower arm náà, ìyẹn apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀, tí rọ́bà ẹ̀ bá ti ya, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ bá rí tó ti yọ̀, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó ṣe alignment, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iye àwọn tó máa ń ṣe é ní òdìkejì, wọ́n á sanwó alignment lónìí, wọ́n á pààrọ̀ tie rod lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tie rod tẹ́ ẹ bá sì ti tú, toe ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà kí mẹkáníìkì ka iye ìgbà tó yí nígbà tó ń tú u, kò ní bọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí mo ṣe ń wọn toe nínú kọ́ńpáǹdù rèé. Mo ní ọ̀pá aluminiọ́mù méjì, mo rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mítà méjì kí ó lè fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ, mo fi ayùn la ojú méjì sí wọn, ibi tí mo là á sí lára ọ̀kan náà ni mo là á sí lára èkejì, ìyẹn ṣe kókó. Ọ̀kan á wà níwájú ọkọ̀, ọ̀kan á wà lẹ́yìn, lórí àpótí tàbí búlọ́ọ̀kù, kó ga dé ibi àárín táyà. Mo wá na okùn tí wọ́n fi ń pẹja láti ojú ọ̀pá iwájú dé ojú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì. Torí pé ojú tí mo là jọra, okùn méjèèjì ò ní súnra wọn mọ́ níbì kan kó jìnnà síra wọn níbòmíì. Mo á wá máa sún àwọn ọ̀pá yẹn títí jíjìnnà okùn sí àárín táyà iwájú ọ̀tún á fi bá tòsì mu, kí tẹ̀yìn náà bára wọn mu. Ibí ló ń gba àkókò jù, okùn yìí sì máa ń mì tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ lé ewúrẹ́ jìnnà.

Kí ìyẹn tó wáyé o, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, ẹ má ṣe é lórí ilẹ̀ tó dagun. Ẹ rọ afẹ́fẹ́ táyà pé. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má tì í sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ táyà lè jókòó bó ṣe máa ń jókòó tó bá ń lọ. Sítíárìn gbọ́dọ̀ wà láàárín gan-an, kẹ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó má yí. Lẹ́yìn náà ẹ mú rúlà kékeré tó dáa, ẹ wọ̀n ọ́n láti okùn dé etí ríìmù lápá iwájú, ẹ tún wọ̀n ọ́n láti okùn dé etí ríìmù lápá ẹ̀yìn, gíga àárín táyà ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì. Tí tiwájú bá gùn ju tẹ̀yìn lọ, imú táyà yẹn ti wọlé, toe-in ni. Tí tiwájú bá kúrú, toe-out ni. Tí ríìmù bá ti tẹ̀, tí ríìmù tí kòtò kò tíì tẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n níbí, ẹ ti ọkọ̀ síwájú kí táyà yí ìlàjì, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n padà, kẹ́ ẹ mú àárín méjèèjì.

Iye tó yẹ kó jẹ́ wà nínú ìwé ọkọ̀ yín tí wọ́n ń lò ní gáréèjì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń wọ́, kò jìnnà sí òdo, mílímítà kan sí méjì péré. Kẹ́ ẹ kíyè sí i bóyá ojú táyà ni ìwé yẹn ń sọ tàbí ríìmù, torí 1 mm létí ríìmù á ju 1 mm lọ létí táyà, àwọn míì sì máa ń kọ ọ́ ní dígírì.

Yíyí i ò le, sùúrù ló gbà. Ẹ fi sípánà kan di ẹnu tie rod mú kó má yí, kẹ́ ẹ fi èkejì dẹ lock nut ẹ̀, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó ń dè é mọ́lẹ̀ kó má yí. Ẹ yọ kílíìpù kékeré tó di etí rọ́bà dúdú yẹn mú, torí tẹ́ ẹ ò bá yọ ọ́, rọ́bà á lọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀pá, á ya, omi àti yanrìn á wọnú rack, ìnáwó tó ju alignment lọ nìyẹn. Lórí ọkọ̀ tí rack ẹ̀ wà lẹ́yìn àárín táyà, tẹ́ ẹ bá mú ọ̀pá gùn sí i, ìdí táyà á jáde, imú á wọlé. Tó bá jẹ́ iwájú ni rack wà, òdìkejì ni. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, ìlàjì yíyí pọ̀ gan-an. Ẹ yí ọ̀tún àti òsì bákan náà tó bá jẹ́ toe nìkan lẹ fẹ́ tún ṣe. Tó bá jẹ́ sítíárìn ló wọ́ tí àpapọ̀ toe sì dáa, ẹ mú apá kan gùn kẹ́ ẹ mú apá kejì kúrú ní iye kan náà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i, ẹ ti ọkọ̀ síwájú kẹ́ ẹ tó tún wọ̀n ọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà tó ti di ilẹ̀ mú ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí òótọ́. Mo máa ń fi táìsì méjì tí mo fi gírísì sí àárín wọn sábẹ́ táyà kó lè yọ̀ fúnra ẹ̀, ó dáa, ó kàn ń dọ̀tí ni. Tẹ́ ẹ bá ti dì í padà, ẹ fi ọ̀dà tàbí pólíìṣì èékánná fa ìlà kan kọjá lórí nọ́ọ̀tì dé ara ọ̀pá, tó bá yí lọ́jọ́ iwájú ẹ máa rí i.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn onímáṣíìnì o. Okùn ò lè wọn caster, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọn camber, èmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n mi ò kì í jókòó síbi fáànù tí wọ́n máa ń ní kí àwọn màmá lọ jókòó sí. Mo máa ń dúró tì í. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́, á mì táyà, á gbé ọkọ̀ sórí àwọn àwo tó ń yí, tó bá ti de àwọn àmì mọ́ ríìmù tán, á ti ọkọ̀ díẹ̀ lọ sẹ́yìn kó sì tì í padà kí máṣíìnì lè yọ àṣìṣe ríìmù tó tẹ̀ kúrò. Tí wọn ò bá ṣe ìyẹn, gbogbo àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ bá rí lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ẹ béèrè ìwé tó fi ohun tó wà kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é hàn. Bí sítíárìn bá wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ yọ sítíárìn kí wọ́n tún un dè sí ọ̀gangan, ẹ kọ̀, tie rod ni kí wọ́n padà sí, airbag wà nínú sítíárìn yẹn. Èyí tó burú jù ni àwọn tó máa ń fi iná tàbí fáìlì fẹ ihò bóòtì ṣọ́ọ̀kì kí camber lè sún. Ohun tó di táyà mú ni wọ́n ń bàjẹ́ yẹn o, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀ kíá.

Sítíárìn tó ń gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá sáré dé 80 sí 100 km/h, tó sì dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá rọra ń lọ, balancing ni kẹ́ ẹ lọ ṣe, ìyẹn mímú kí ìwúwo táyà dọ́gba yíká, ọ̀tọ̀ nìyẹn sí alignment.

Okùn yẹn náà ló máa sọ ti ẹ̀yìn fún yín, torí tẹ́ ẹ bá ti nà á tán, ẹ kàn lọ wọn etí ríìmù ẹ̀yìn bẹ́ ẹ ṣe wọn tiwájú. Lórí Corolla tèmi, igi kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i. Tí ọ̀kan bá ní toe-in púpọ̀ tí èkejì ní toe-out, igi yẹn ti wọ́, tàbí wọ́n ti fi ọkọ̀ yẹn gbá nǹkan kó tó dé ọwọ́ yín, tó sì jẹ́ pé tọ́kùnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, ẹ ò lè mọ ohun tó ti là kọjá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa fẹ̀gbẹ́ rìn, sítíárìn á wọ́ títí láé bó ti wù kí wọ́n yí tie rod iwájú tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó alignment iwájú lọ́wọ́ yín mọ́ lórí ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń na chassis, ìyẹn egungun ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, tàbí kẹ́ ẹ wá igi ẹ̀yìn míì tí kò wọ́ ní ọjà Ládìpọ̀.